Ìwé Tó Ń Bá Àkàrà Wálé

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí ìsọ̀ mi ní Láfẹ́nwá ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mo fi àsìkò tákàbà, ìjókòó opó, ṣe nínú ilé. Oníkálukú wọn ti ní ìdáhùn lọ́kàn kó tó béèrè. Wọ́n ń retí kí n sọ pé mo sunkún ọkọ mi títí omijé fi gbẹ, tàbí pé mo fa tẹ̀sùbáà títí okùn rẹ̀ fi já. Mo sunkún, mo sì fa tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé mo kàwé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Sàfúrátù onírẹsì, tí kì í jókòó jẹun tán, òun náà ló ń sọ pé òun kàwé!

Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ní oṣù tó gbẹ̀yìn nínú tákàbà mi, mo kàwé ju bí mo ṣe kà á ní gbogbo ọdún tí mo lò nílé ẹ̀kọ́ lọ, òróró sì wà lára gbogbo ohun tí mo kà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó, tí mo tún ń padà rò ó. Mo lè máa wọn ìrẹsì fún oníbàárà lọ́wọ́ kí ọkàn mi ti lọ síbẹ̀, wọ́n á sì ní, "Ìyá Yasir, kóńgò yìí ò tíì kún o."

Ọkọ mi ló fà á. Mùsílíù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Yasir ni gbogbo Kemta ń pè é. Aṣọ ló tà títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Yasir ọmọ wa, tó wá ku òun àti ìwé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni páálí ìwé máa ń wà: ìwé ìtàn, ìwé àdúrà, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ tí wọ́n ti di bàbá ọmọ, ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, bẹ́ẹ̀ a kò sin ohunkóhun ju adìẹ lọ. Èmi kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ara mi kì í gbà kí n tẹjú mọ́ ohun tí kò ṣe é wọ̀n, tí kò sì ṣe é tà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà mọ̀ pé dandan ni kó jókòó, nítorí òkúta. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníbàárà padà wá, ẹ ṣa òkúta inú ìrẹsì yín. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣa tèmi, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wa. Mo máa ń gbé atẹ lé itan, Bàbá Yasir á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á mú ìwé kan tó ní èèpo pupa, á sì máa kà á sí mi létí.

Ìtàn Túbọ̀sún àti Fákẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ni. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Láfẹ́nwá, Fákẹ́mi ní ọ̀fun òun gbẹ, Túbọ̀sún sì sọ̀ kalẹ̀ láti ra ọsàn fún un. Ibi tó ti ń bá ọlọ́sàn nájà lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ti fọn fèrè, ó gbéra, ó gbé ìyàwó lọ, ó fi ọkọ sílẹ̀ tòun ti ọsàn lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni Túbọ̀sún ti ń wá a. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú ọkùnrin yẹn rí! Ó tẹ̀ lé ojú irin títí bàtà rẹ̀ fi já. Ó bá àgbẹ̀ kan ro oko kòkó, àgbẹ̀ náà sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin dá a dúró. Ó sọdá odò Ọya nínú ọkọ̀ tó ń jò. Ó gbọ́ pé obìnrin kan tó jọ Fákẹ́mi ń ta iyọ̀ nílùú kan, ó débẹ̀, ó bá a pé ìyá arúgbó ẹlòmíràn ni. Mo máa ń bínú sí i. Mo máa ń ní, "Kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ àwọn ará téṣọ̀n?" Bàbá Yasir á ní, "Ó béèrè. Wọ́n puró fún un." Bí òkúta bá tán nínú ìrẹsì, á pa ìwé dé. Bí òkúta bá pọ̀, Túbọ̀sún á rìn jìnnà lọ́jọ́ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń yà mí lẹ́nu. Bó bá ń kàwé yìí, iwájú orí ni awò ojú rẹ̀ máa ń wà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Báwo lẹ ṣe ń ríran?" Ó ní, "Lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn lẹ́tà?

Ní ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, Túbọ̀sún ti dé iwájú ilé kan tí wọ́n júwe fún un. Ó gbọ́ ohùn obìnrin nínú ilé náà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni Bàbá Yasir ti gbójú sókè, tó ní, "Sàfúrátù, ta lo rò pé ó máa ṣí i?"

Òkúta ti sú mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ kà á jàre, ẹ yé bi mí. Ṣé ìwé ò mọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ó di ọ̀la." Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ wa, ojú oorun ló ti lọ.

Nígbà tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo kó ẹrù rẹ̀ síta ṣe saara, kí láádá rẹ̀ lè máa bá a nínú sàréè. Jalámíà lọ fún ẹni tó nílò jalámíà, bàtà lọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mu. Iyè mi ò sí lára mi lásìkò náà. Ohunkóhun tó bá ti ní òórùn rẹ̀ lára, mo fẹ́ kó kúrò níwájú mi. Ọ̀ṣunníkẹ́ alákàrà wá kí mi lọ́jọ́ náà. Oríta wa ló ti ń dín àkàrà láràárọ̀, abúlé kan lẹ́yìn ìlú ló sì ti ń wá. Olórìṣà ni ìdílé wọn, ṣùgbọ́n àkàrà rẹ̀ nìkan ni Bàbá Yasir máa ń jẹ. Mo wo Ọ̀ṣunníkẹ́, mo wo páálí ìwé. Mo ní, "Gbé e lọ. Saara ni. Máa fi wé àkàrà." Ó dúpẹ́, ó gbé e rù. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ bá mi rò ó wò. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó. Àwọn ààfáà kan ní ó lè jáde lójú ọ̀sán bí ọ̀ràn bá di dandan, ṣùgbọ́n ní agboolé tiwa, ìloro ni òpin ayé. Haleemah, ìyàwó Yasir, ló ń bá mi mójú tó ìsọ̀. Èmi ń rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Mo fọ ìkòkò tó mọ́. Mo ṣa òkúta nínú ìrẹsì tí mo ti ṣà. Ara ń ta mí bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Tí mo bá fi lè jókòó pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀kùn tí Túbọ̀sún kàn ni mò ń gbọ́. Ta ló ṣí i? Ṣé Fákẹ́mi ni? Àbí ìdúró ti sú Fákẹ́mi, ó ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ? Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí eré lójú mi, nígbà tó yá, kì í ṣe eré mọ́. Ó dá mi lójú pé bí àwọn méjèèjì bá fi lè rí ara wọn, èmi náà á rí oorun sùn. Ẹ má bi mí bí èyí ṣe kan èyí. Opó kì í rò ó bẹ́ẹ̀.

N kò tilẹ̀ rántí páálí ìwé. Láti ìgbà tí Bàbá Yasir ti kú, n kò fẹ́ rí àkàrà sójú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó gbẹ̀yìn ni Haleemah ṣèèṣì rà á wálé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo tú u, mo rí i lára ìwé tí wọ́n fi wé e pé: "Bí ikùn ewúrẹ́ bá ń wú, ẹ má ṣe fún un ní koríko tútù." Mo mọ ìwé náà. Ìwé ọkọ mi ni. Bí ìwé ewúrẹ́ bá wà lọ́dọ̀ Ọ̀ṣunníkẹ́, ìwé pupa náà wà níbẹ̀, ìparí ìtàn sì wà nínú rẹ̀, oríta tí mo lè rí láti fèrèsé ni!

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti yọ sí ìta ìloro kí n tó rántí ara mi. Mo fà á padà, mo ké sí Haleemah pé kó lọ bá mi gba ìwé pupa náà wá.

Ààfáà Mùs'áb, àbúrò ọkọ mi, ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà nígbà náà. Òun ló máa ń wá wo bí tákàbà mi ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Yasir, kí lẹ fi ìwé náà ṣe níjọ́sí?"

"Saara ni mo fi ṣe."

"Ẹni tó bá gba saara rẹ̀ padà, ẹ mọ ohun tí Ànábì fi í wé."

Mo mọ̀ ọ́n. Ajá tó padà sídìí èébì rẹ̀ ni. Mo ní, "N ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ ò gbọdọ̀ rà á. Ọmọlẹ́yìn Ànábì kan fẹ́ ra ẹṣin tó ti fi ṣe saara, Ànábì ní kó fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fẹ́ tà á." Ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láádá ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú ìwé yẹn báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ lọ gbà á lọ́wọ́ wọn nínú sàréè ni?"

Inú bí mi gan-an, nítorí pé òótọ́ ló sọ. Irọ́ ṣe é já. Òótọ́ ni n kì í mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀, mo pe Haleemah. "Lọ ra àkàrà wá."

"Bíi mélòó, Ìyá?"

"Rà á kó pọ̀. Kó wé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Bí ìwé kíkà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni àkàrà ń wọlé, mo máa ń tú u, mo sì máa ń tẹ́ ewé ìwé sórí atẹ ìrẹsì nínú oòrùn kí òróró lè gbẹ, kí n tó jókòó tì wọ́n. Ohun tí mo rí kà kì í ṣe kékeré. Mo kà nípa òṣùpá, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí àwòrán ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òróró ti mu gbogbo Abẹ́òkúta, ó ku Ọ̀fàdà nìkan. Mo rí ìṣirò kan nípa àgbẹ̀ tó fẹ́ pín iṣu fún àwọn ọmọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ iye ọmọ náà ti ya dànù, síbẹ̀ mo jókòó, mo ń pín iṣu yẹn títí oòrùn fi wọ̀. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ewúrẹ́ tí ikùn rẹ̀ ń wú yẹn yè, nítorí ewé tó tẹ̀ lé e ti bá àkàrà ẹlòmíràn lọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò sí ohun kan tó ń parí. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé, mo máa ń wo àwọn oníbàárà Ọ̀ṣunníkẹ́: ọlọ́kadà á jẹ àkàrà tán, á nu ọwọ́, á ju ìwé sínú kòtò, á gbéra. Ta ló mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn Túbọ̀sún ló jù nù yẹn? Gbogbo Kemta ló ń jẹ ìparí ìtàn mi lọ, èmi ń wò wọ́n lókè bí adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Ní ilé, àkàrà ti sú wọn. Haleemah ní, "Ìyá, Yasir ní tí òun bá tún rí àkàrà, òun ò ní wálé." Mo ní kó pín in fún àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n kó tú ìwé rẹ̀ kó tó pín in. Ààfáà Mùs'áb wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá òkìtì àkàrà lórí tábìlì, ó bá ìwé tí mo sá sórí atẹ. Ó wò mí, ó wo atẹ. "Ìyá Yasir, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àkàrà lẹ rà àbí ìwé?"

"Àkàrà ni mo rà, Ààfáà. Ìwé ló tẹ̀ lé e. Ẹ mú méjì."

Ó kọ́kọ́ bojú jẹ́. Nígbà tó yá ó mú méjì, ó sì jókòó jẹ wọ́n.

Ọjọ́ kan tún dé tí Ààfáà wà lọ́dọ̀ wa, ojú sì ti èmi àti òun. Haleemah mú ọ̀rá mímọ́ kan wọlé. Ó ní, "Ọ̀ṣunníkẹ́ ní kí n kó èyí fún yín. Ó ní lẹ́tà Ọlọ́run yín wà nínú wọn, òun ò lè fi wé àkàrà." Àwọn ìwé àdúrà Bàbá Yasir ni, àwọn tó ní èdè Lárúbáwá nínú. Láti ọjọ́ tí mo ti fún un ní páálí ló ti yọ wọ́n sọ́tọ̀, tó fi wọ́n pamọ́ síbi tí òróró kò ti lè ta bà wọ́n. Èmi tí mo ń kírun ni mo ní kó máa fi wé àkàrà. Ààfáà gba ọ̀rá náà, ó fi orí kan ìwé tó wà lókè, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹṣin rárá.

Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí tákàbà mi parí nígbà tí mo rí i. Mo dúró lójú fèrèsé bí mo ti máa ń ṣe. Àkàrà ń hó nínú agbada, Ọ̀ṣunníkẹ́ tọwọ́ bọ páálí, ó fa ìwé kan yọ. Èèpo rẹ̀ pupa. Ó ya ewé àkọ́kọ́, ó wé àkàrà fún obìnrin kan. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó tún mú ewé kejì.

Ẹnu mi ṣí kí n tó mọ̀. Ohùn tí mo fi ń pe oníbàárà ní Láfẹ́nwá ni mo fi ké. "Ọ̀ṣunníkẹ́! Ọ̀ṣunníkẹ́ o! Dáwọ́ dúró!" Gbogbo oríta gbójú sókè. Opó tó wà nínú tákàbà ló yọrí lójú fèrèsé yìí, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Ọ̀ṣunníkẹ́ na ṣíbí tó fi ń dín àkàrà sókè, ó ń wò mí. Mo fẹ́ sọ pé kó má fọwọ́ kan ìwé náà mọ́, mo sì rántí ajá, mo rántí ẹṣin. Mo ní, "Gbogbo àkàrà tó wà nínú agbada, èmi ni mo rà á! Èyí tó o bá tún máa dín, èmi ni! Ìwé pupa yẹn ni kó o fi wé e!"

Ẹnìkan ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìbànújẹ́ da orí ènìyàn rú. Mo gbọ́ ọ, mo sì ṣe àmín.

Haleemah fi bàsíà ńlá gbé e wálé. Mo tú wọn níkọ̀ọ̀kan, mo to ewé wọn bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra láti orí ìkíní, nítorí orúkọ ìwé lásán ló wà lára èyí tí obìnrin yẹn gbé lọ, mo da àkàrà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ìyàngbò ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni lẹ́tà rẹ̀. Ó wẹ́ bí ẹyin èèrà. Mo ní láti wá awò ojú Bàbá Yasir, tí mo fi pamọ́ tí n kò fi ṣe saara, kí n tó lè kà á.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ dúró ní Láfẹ́nwá. Túbọ̀sún sọ̀ kalẹ̀, ó ń ra ọsàn, ọkọ̀ gbéra. Mo ṣí ewé kejì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Fákẹ́mi sọ̀ ní téṣọ̀n tó tẹ̀ lé e, ó jókòó lé àpótí rẹ̀, Túbọ̀sún wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan lé e bá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ bá ọ̀nà wọn lọ. Ó tán. Ìyókù ewé tó wà lọ́wọ́ mi, ẹjọ́ ilẹ̀ ni, lọ́yà ń sọ, adájọ́ ń fèsì. Mo wá odò Ọya nínú rẹ̀. Mo wá oko kòkó. Mo wá obìnrin oníyọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kankan. Kò sí ẹni tó kan nǹkan kan.

Mo jókòó láàárín àkàrà. N kò mọ̀ bóyá kí n bínú àbí kí n rẹ́rìn-ín. Mo wá ń rántí pé Bàbá Yasir kì í sábà ṣí ewé bó bá ń kà á. Mo rántí awò tó wà níwájú orí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọ̀ṣunníkẹ́ bá mi. Ó ti fi agbada lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyókù ìwé pupa náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ kú àìsimi. Ẹ wá gba ìwé yín. Ẹ má pariwo lórí rẹ̀ mọ́, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀."

"N kò lè gbà á. Saara ni." Mo nawọ́ ewé náà sí i. "Wò ó, Ọ̀ṣunníkẹ́. Túbọ̀sún tí ọkọ mi ń kà fún mi ò sí nínú rẹ̀."

Ó jókòó. "Túbọ̀sún ọlọ́sàn? Ìyá, báwo ló ṣe máa wà nínú ìwé? Oríta la ti jọ ń ṣe é."

Mo ní kó tún un sọ.

"Láràárọ̀ tí Bàbá bá wá ra àkàrà ni. Wọ́n á dúró níwájú agbada, wọ́n á ní, 'Ọ̀ṣunníkẹ́, Túbọ̀sún ti dé etí odò, kò sí ọkọ̀, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?' Àwọn ọlọ́kadà á dá sí i. Ọ̀kan lára wọn ló mú un wọ oko kòkó. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin oníyọ̀, nítorí ìyá mi ta iyọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin náà rí ìyàwó rẹ̀, kó sinmi. Wọ́n ní bó bá ti rí i báyìí, Ìyá Yasir máa gbé atẹ rẹ̀ dìde. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ yín, ìtàn yìí nìkan ló mú yín jókòó ti àwọn."

Ẹkún tó gbé mi nígbà náà, n kò sun irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Ọ̀ṣunníkẹ́ fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. "Ilẹ̀kùn tó kàn ńkọ́? Ta lẹ ní kó ṣí i?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n bi wá. Mo ní kí Fákẹ́mi ṣí i. Ọlọ́kadà kan ní ọkùnrin ni kó ṣí i, kí ọ̀rọ̀ lè gbóná. Bàbá ní rárá, àwọn ò ní gba ti ẹnikẹ́ni nínú wa lórí èyí. Wọ́n ní, 'Ìyá Yasir ni n ó bi.'"

Ó bi mí. Ó bi mí lóòótọ́, mo sì ní kó bi ìwé.

Ọ̀ṣunníkẹ́ dìde. Ó wo ìwé pupa náà. "Ṣé kí n máa fi wé àkàrà lọ?"

"Máa fi wé e. Ohun tí mò ń wá ò sí níbẹ̀." Mo kó àkàrà lé e lọ́wọ́ pé kó bá mi pín in fún àwọn ọlọ́kadà, kó sọ fún wọn pé Ìyá Yasir kí wọn.

Tí wọ́n bá ń bi mí ní Láfẹ́nwá pé kí ni mo rí nínú ìwé tí mo kà, ẹnu mi kì í gbà á. Mo mọ̀ nípa òṣùpá, mo mọ̀ nípa ewúrẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹni tó lè fi ewé méjì péré parí ọ̀rọ̀ ti wá ọ̀nà, ó wá ọ̀nà, kí ó má bàa parí. Èyí ni n kì í lè sọ fún oníbàárà tó ń kánjú. Ìdí mi ò sì tíì gbóná lórí àga títí di òní, ẹ má rò pé mo ti yí padà.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí Ọ̀ṣunníkẹ́ lọ tán, mo gbé atẹ lé itan lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Òkúta pọ̀ nínú ìrẹsì náà. N kò ṣà á. Mo kọjú sí àga, mo ní, "Bàbá Yasir, Fákẹ́mi ni. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo Túbọ̀sún láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, 'Ọsàn mi dà?'"